Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Ayìnbọn: Níbo Ló Yẹ Kí Ìwúwo Wà Lára Ìbọn Ìléwọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá àwọn ará kílọ́ọ̀bù kan yìnbọn bullseye (ìdíje ìbọn ìléwọ́ tí a ti ń yìn sí àárín páálí alámì) ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú ilé, ní ẹsẹ̀ bàtà 50. Ìbọn ìléwọ́ Ruger Mark IV tó ń lo ọta kékeré .22 ni mò ń lò, ìfojúsùn onírin ló wà lórí rẹ̀. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ó jẹ́ 1,210 gíráàmù. Bàbá òyìnbó kan níbẹ̀ ní kí n fi ìwúwo kún un kí ọwọ́ mi lè balẹ̀. Mo ra òjé táwọn apẹja máa ń so mọ́ okùn ìwọ̀, mo fi téèpù dè é mọ́ abẹ́ ẹnu ìbọn, áwùnsì mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn. Ní báyìí, ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa ń dára, ṣùgbọ́n tó bá di ìparí, wọ́n á máa rọ̀ sísàlẹ̀ páálí, àmì 7, àmì 6. Ṣé kí n yọ ọ́ ni àbí kí n tún fi kún un? Ọ̀rẹ́ mi kan sì fẹ́ lẹ òjé tirẹ̀ mọ́ sláìdì (irin òkè tó ń sún sẹ́yìn) ìbọn ìléwọ́ 1911 rẹ̀. Ẹ bá wa dá sí i.
Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, Dayton

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Má yọ ọ́ dànù, má sì fi kún un. Sún un sẹ́yìn ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí inú rẹ fi dùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ayọ̀ yẹn kì í ṣe àlá. Òfin bullseye sọ pé tírígà ìbọn .22 kò gbọdọ̀ rọ̀ ju ohun tó lè gbé pọ́n-ùn méjì lọ. Pọ́n-ùn méjì jẹ́ nǹkan bíi 907 gíráàmù. Ìbọn rẹ jẹ́ 1,210. Ìyẹn ni pé agbára tí ìka rẹ fi ń fa tírígà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo ìbọn náà lápapọ̀! Bí ìka yẹn bá fà á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìbọn á bá a lọ. Nígbà tí o wá fi òjé kún un, ìbọn kò tètè dá ìka lóhùn mọ́, kò sì tètè dá èémí àti ìlù ọkàn rẹ lóhùn. Ohun tí ìwúwo ń ṣe fún ayìnbọn nìyẹn. Ó ń dín bí ìmìtìtì ṣe ń yára kù. Ìka tó ń fà á wọ́ ṣì ń fà á wọ́, ohun tó yí padà ni pé àṣìṣe rẹ̀ lórí páálí kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á bèèrè pé mélòó, wọn ò ní bèèrè pé níbo. Wá mú ọmọ odó kan ní ìdí, kí o nà án gbọọrọ síwájú pẹ̀lú ọwọ́ kan. Lẹ́yìn náà, mú un ní àárín. Ọmọ odó kan náà ni, ìwúwo kan náà ni, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ mọ̀ pé nǹkan méjì ni.

Ká ní láti ọrùn ọwọ́ rẹ dé ẹnu ìbọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26, tí iwájú irin tó yí tírígà ká sì jẹ́ 13. Òjé áwùnsì mẹ́ta (85 gíráàmù ni) tó wà lẹ́nu ìbọn yóò fa ọrùn ọwọ́ rẹ sísàlẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju bí yóò ṣe fà á lọ bí ó bá wà níwájú tírígà. Èyí ni owó tí ò ń san. Ọjà tí ò ń rà níbẹ̀ ni pé agbára òjé yẹn láti má jẹ́ kí ẹnu ìbọn yí kiri di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ yíyí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ayìnbọn fi fẹ́ràn ìwúwo lẹ́nu ìbọn. Ọjà náà dára. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè san owó rẹ̀ títí dé ọta ìkẹyìn ló yẹ kó rà á.

Ti èjìká wá yàtọ̀. Láti èjìká rẹ dé ọrùn ọwọ́ ti ju ìdajì mítà lọ, nítorí náà bí òjé bá wà lẹ́nu ìbọn tàbí níwájú tírígà, ìyàtọ̀ tí èjìká á rí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Èjìká kò bìkítà fún níbo. Ohun tó ń kà ni mélòó. Ọrùn ọwọ́ ló ń ka níbo. Bí o bá ti mú ọ̀rọ̀ yìí dání, o lè fúnra rẹ mọ ohun tó ń ṣe ọ́.

Ṣe àyẹ̀wò yìí nílé. Yọ mágásíìnì, ṣí ìbọn, fi ojú wo inú rẹ̀, fi ìka kàn án pé kò sí ọta níbẹ̀, kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn. Kọjú sí ògiri funfun tí kò ní nǹkan kan lára, tí kò sì sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Nawọ́ bí o ṣe ń ṣe lórí ìlà, kí o sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Má wo ògiri. Wo ìfojúsùn iwájú, bí ó ṣe jókòó sínú ihò ìfojúsùn ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ní apá òsì, orí wọn dọ́gba. Sọ ọwọ́ kalẹ̀, sinmi, tún un ṣe títí á fi rẹ̀ ọ́. Nígbà tó bá ti rẹ̀ ọ́ ni kí o wá wò ó dáadáa. Bí ìfojúsùn iwájú bá ń rì sínú ihò, tí orí rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, ọrùn ọwọ́ ló ń jáwọ́. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí gbogbo ìbọn ń rọ̀ sílẹ̀ pọ̀, èjìká ni.

Ti ọrùn ọwọ́ ló ń pa ènìyàn lára jù. Bí gbogbo apá bá rọ̀ sílẹ̀ ní mílímítà kan láì yí, ọta á wọlé ní mílímítà kan sísàlẹ̀, ìyẹn ò ní ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìfojúsùn iwájú bá rì ní mílímítà kan péré nínú ihò, tí ìfojúsùn méjèèjì sì fi sẹ̀ǹtímítà 25 jìn síra wọn, ọta yóò lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ní ẹsẹ̀ bàtà 50 rẹ yẹn. Ní yáàdì 50, ìta gbangba, á lé ní sẹ̀ǹtímítà 18. Bí o ṣe ṣàlàyé 7 àti 6 rẹ, ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó dára, ìkẹyìn tó ń rì tààrà sísàlẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni mò ń fura sí. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé èjìká ni, a jẹ́ pé áwùnsì mẹ́ta ti pọ̀ jù, yọ méjì.

Bí ó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Fi áwùnsì méjì sí abẹ́ ọ̀pá ìbọn, kó fara ti iwájú irin tó yí tírígà ká. Fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́nu. Yin líìgì oṣù kan bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni kí o máa sún àwọn ti ẹ̀yìn síwájú, ìwọ̀n ìbú ìka kan lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Má sì fi ọta àkọ́kọ́ dá ẹjọ́. Nínú ìwé tí o ń kọ èsì rẹ sí, fi mẹ́wàá àkọ́kọ́ sí apá kan, mẹ́wàá ìkẹyìn sí apá kejì, kí o máa fi wọ́n wéra. Ìwúwo tó bá gbé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ga tó sì fa mẹ́wàá ìkẹyìn lulẹ̀ kì í ṣe ìwúwo rẹ, bó ti wù kó dùn lọ́wọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ téèpù àti òjé kan ọkàn mi gan-an, torí iṣẹ́ irin ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti dé Columbus. Òjé ń wọ ara láti ọwọ́. Ìwọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ èyí jù mí lọ. Bí o bá ṣì fẹ́ lo òjé, fi téèpù bò ó pátápátá, kí o fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí o tó jẹun. Téèpù nìkan kò tó láti dè é mọ́ ìbọn, epo ìbọn á jẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, òjé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ láì jẹ́ kí o mọ̀. Idẹ ni èmi máa ń lò. Sẹ̀ǹtímítà onígun kan òjé jẹ́ gíráàmù 11 ó lé díẹ̀, idẹ jẹ́ nǹkan bíi 8 àti ààbọ̀, irin kò pé 8. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí ènìyàn máa tìtorí rẹ̀ fọwọ́ kan májèlé. Tungsten tó 19, ó sì mọ́, kì í jẹ́ kí ìwúwo gba ààyè, àmọ́ owó rẹ̀ le. Gé ọ̀pá idẹ sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 25 tàbí bẹ́ẹ̀. Gé rọ́bà tinrin láti ara tìúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, fi sí àárín idẹ àti ọ̀pá ìbọn kó má bàa họ ọ́, kí o wá fi kílípù onísíkúrù tí àwọn aláṣàtúnṣe ọkọ̀ fi ń de rọ́bà omi fún un mọ́ra. Fún un títí kò fi yí mọ́, kì í ṣe títí tí síkúrù á fi ké. Kílípù tó di ọ̀pá ìbọn mú lè yí ibi tí ọta ń bà padà, nítorí náà yin mẹ́wàá kí o tó fọwọ́ kan síkúrù ìfojúsùn rẹ.

Ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ pé pápá ìyìnbọn Camp Perry ni o ń fojú sí (àti pé kí ló dé tí o kò ní fojú sí i, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ rẹ ló wà, tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje orílẹ̀-èdè níbẹ̀ láti 1907?), mọ̀ pé etí adágún Erie ni pápá náà wà. Atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn nawọ́ pẹ́, kó máa dúró de ìgbà tí á rọlẹ̀. Ìwúwo tó rọrùn fún ọ nínú ilé lásìkò òtútù lè di ẹrù lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀. Jáde lọ yin yáàdì 50 nínú atẹ́gùn ṣáájú, kí o mọ ohun tí apá rẹ máa sọ.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ: kó má ṣe é! Mark IV tìrẹ, ọ̀pá àti ara òkè rẹ̀ kì í rìn, inú ni irin tó ń sáré lọ sẹ́yìn wà. Ti 1911 kò rí bẹ́ẹ̀. Sláìdì ló ń sáré sẹ́yìn láti ju kóró ọta síta, tó sì ń padà wá láti gbé òmíràn. Sípíríǹgì rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n mọ́ ìwúwo sláìdì àti agbára ọta. Àwọn onibullseye sì máa ń lo ọta .45 tí kò lágbára púpọ̀. Bó bá fi ìwúwo kún sláìdì, kò ní sáré dé ibi tó yẹ, kóró á há, ó sì lè jẹ́ àárín ìpele kíákíá tí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá 10 yin ọta márùn-ún ni á há sí. Ara férémù ìsàlẹ̀ ni kó fi ìwúwo tirẹ̀ sí. Ìfojúsùn aláàmì pupa pàápàá, bó bá jẹ́ sláìdì ló fẹ́ gbé e lé, kó bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe sọ̀rọ̀ nípa sípíríǹgì ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ǹlẹ́ o. Kent ní England ni a wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ń yin ìbọn afẹ́fẹ́ ní mítà 10 ní kílọ́ọ̀bù kan. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ níbẹ̀ máa ń so irin mọ́ ìbọn wọn, òun náà ti so ó, gíráàmù 60, síwájú pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá parí, ó sì máa ń ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun. Ṣé ó bójú mu? Mọ̀lẹ́bí mi kan sì tún ń dẹ́rù bà mí pé ìjọba Britain ti fòfin de ìbọn ìléwọ́.
Ìyá Ìbejì, Kent

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká mú ti òfin kúrò ná. Lẹ́yìn ìgbà tí ọkùnrin kan yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dunblane ní Scotland ní 1996, àwọn òfin 1997 gba ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ọta oníbúgbàù kúrò lọ́wọ́ àwọn eléré ìdárayá ní England, Scotland àti Wales. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, irú èyí tí ọmọ yín ń lò, kò bá a lọ. Ní Kent kò nílò ìwé àṣẹ, bó bá jẹ́ Scotland ni ẹ wà, ẹ máa gba ìwé àṣẹ. Ọmọ tí kò pé ọdún 18 kò lè fúnra rẹ̀ rà á. Ẹ jẹ́ kí ìbọn wà ní títì pa, kí àgbà ilé mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ní ti gíráàmù 60: kó yọ ọ́. Kó yọ gbogbo rẹ̀. Ìbọn afẹ́fẹ́ onídíje fúnra rẹ̀ máa ń súnmọ́ kílò kan, àwọn ọ̀dọ́ míràn tilẹ̀ ń lo oríṣi kúkúrú tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdíje àgbà jẹ́ ọta 60 láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo iye ìgbà tí apá yẹn máa gòkè tó máa sọ̀ kalẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá gbé e sókè ni yóò yìn ín. Egungun àti iṣan rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ìrora ọrùn ọwọ́ kì í ṣe ohun tí eléré ìdárayá ń fara dà kó lè di akíkanjú. Kó sinmi títí ìrora yóò fi lọ, bí kò bá lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ tún sọ fún un pé tírígà ìbọn afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ rọ̀ ju gíráàmù 500 lọ lábẹ́ òfin ISSF, àjọ eré ìdárayá ìbọn àgbáyé. Ìdajì ìwúwo ìbọn rẹ̀ ni ìka rẹ̀ ń fà. Àwa onibullseye níhìn-ín, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni à ń bá jà. Àǹfààní tí ìwúwo ń fún àwọn àgbà yẹn, ó ti wà lọ́wọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Èèkù onígi tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu ló yẹ kí ẹ náwó sí kí ẹ tó náwó sí irin. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ní àlàfo láàárín òun àti èèkù, ìwúwo tó bá fi kún un, àlàfo yẹn ló ń fi kún.

Tó bá pé ọdún 17 tàbí 18, tí apá ti le, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 20 nítòsí tírígà. Àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 1,500 lọ, gbogbo ìbọn náà, àti ìwúwo tó so mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ìwọ̀n tó jẹ́ mílímítà 420 sí 200 sí 50. Mo ti rí ọmọdé tí wọ́n dá padà níbi àyẹ̀wò nítorí irin kékeré kan tó yọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dùn mí fún un. Kó má sì so ohunkóhun mọ́ sílíńdà afẹ́fẹ́ láéláé, kó má lu ihò sí i, kó má fi kílípù fún un. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń tó 200 bar (ìlọ́po bíi 200 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká). Ẹ wo ara rẹ̀, déètì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 10, kó má lò ó mọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, mo rí fídíò bàbá ará Turkey tó kó ọwọ́ sí àpò nígbà Òlíńpíìkì Paris. Kò so nǹkan kan mọ́ra bíi ti àwọn yòókù. Ṣé ìbọn rẹ̀ fúyẹ́ ni? Báwo ni èmi náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ níbí?
Ọmọ Mókọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, Yusuf Dikeç ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Şevval İlayda Tarhan ló jọ gba fàdákà ní ìdíje àjọṣe mítà 10 ní 2024. Gíláàsì ojú ńlá àti ohun ìbòjú ni kò lò, ìyẹn kò kan ìbọn. Ìbọn afẹ́fẹ́ onídíje ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ọwọ́ tó kó sápò kì í ṣe fáàrí. Ọ̀pọ̀ ayìnbọn ló ń ṣe é kí apá òsì má bàa máa mì, kó má baà gbé èjìká kejì kiri.

Ní ti bíbẹ̀rẹ̀, má lọ ra ìbọn ní ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó gba ìwé àṣẹ. Ohun tí o lè ṣe láì rú òfin ni kí o kọ́ apá rẹ. Rọ omi kún ike lítà kan, kílò kan ni, ìwúwo ìbọn afẹ́fẹ́ gan-an. Dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ ya dé ìwọ̀n èjìká, ọwọ́ kejì sápò. Gbé e sókè dé iwájú ojú, mú un dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún un ṣe. Bí ọrùn ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ti òní ti tó.